Ilé Ẹbí Àtijọ́ ní Àkúrẹ́: Ṣé Kí A Tún Un Ṣe, Kí A Kọ́ Kún Un, àbí Kí A Wó O?

Ní àárín ìlú Àkúrẹ́, láti Ìjọ̀mù dé Òkè-Àrò, àti ní ìlú Oǹdó bákan náà, ọ̀pọ̀ ilé tí owó kòkó kọ́ kí a tó gba òmìnira ló ṣì dúró, tí àwọn ènìyàn sì ń gbé inú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan máa ń là wọ́n já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá á wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sì wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìyàwó ilé, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń lọ sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, lè máa gbé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Nígbà tí òrùlé bá bẹ̀rẹ̀ sí jò, tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà kò sì gbé e dé ẹ̀yìnkùlé mọ́ lóru, ìpàdé ẹbí á bẹ̀rẹ̀, èrò á sì pín sí mẹ́rin. Àwọn kan á ní kí a tún ilé ṣe bí ó ṣe wà. Àwọn mìíràn á ní kí a tún iwájú ṣe, kí a sì kọ́ tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí a wó o palẹ̀. Ẹni tí ó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun á ní kí a kúkú lọ ra ilẹ̀ sí Ọba-Ilé, ní ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́.

Èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ilé tí wọ́n bá mu. Èmi gbà pé fún ọ̀pọ̀ ẹbí tí ògiri wọn ṣì le, èkejì ló dára jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ara ògiri ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń kọjá lọ á fi rò pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ mú ìṣó oníínṣì mẹ́fà kan, kí ẹ fi ọwọ́ lásán tì í sí ìdí ògiri, nítòsí ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí òjò ti máa ń fẹ́ lu ilé. Bí ìṣó náà kò bá wọlé, ògiri náà ṣì le. Bí ó bá wọlé dé ìdajì láìsí wàhálà, omi ti ń fà gòkè láti inú ilẹ̀ wá, ìdí ilé sì ti ń di ẹrẹ̀ padà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi gbogbo tí ògiri ti là. Èyí tí ó tín-ín-rín bí irun, tí ó kàn ń rìn káàkiri, ojú rírẹ́ nìkan ni ó là. Èyí tí ó dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti igun fèrèsé lọ sí ìsàlẹ̀, tí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó ẹyọ fi lè wọ inú rẹ̀, láti ìpìlẹ̀ ni ó ti wá. Àwọn àgbà bíríkìlà ní ọgbọ́n kan tí kì í náni lówó. Wọ́n á po sìmẹ́ńtì díẹ̀, wọ́n á fi dí ojú ibi tí ó là náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n á sì fi ẹnu ìṣó kọ ọjọ́ tí wọ́n dí i sára rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Bí òjò bá rọ̀ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí sìmẹ́ńtì yìí kò là, ilé ti jókòó tipẹ́. Bí ó bá là sí méjì, ilé ṣì ń rìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ná kọ́bọ̀ sórí òrùlé tàbí ọ̀dà títí a ó fi mọ ohun tí ó ń gbé e rìn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi páànù tuntun dídán bo ilé tí ògiri rẹ̀ ti yà kúrò lára ara wọn. Ó dùn mí dénú, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì arúgbó ni wọ́n fi rà á.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Bí ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé bá ní láti gun àtẹ̀gùn kí ó tó dé yàrá rẹ̀, tàbí kí ó jáde sínú òjò kí ó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a kò tíì tún ilé náà ṣe fún ẹbí, bí ó ti wù kí táìsì rẹ̀ máa dán tó. Yàrá ìsàlẹ̀ kan pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà á kọjá, irin ìdìmú lára ògiri, táìsì tí kì í yọ̀: ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ kọ sínú ìwé, kí a tó kọ ohunkóhun mìíràn.

A ó tún béèrè bí owó ṣe ń wọlé. Owó tí yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ márùn-ún yóò máa dá lóṣooṣù, nítorí pé iṣẹ́ kan wà tí a lè dá dúró lágbedeméjì láìsí ewu, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ dúró. Ibi tí àwọn ará ilé yóò máa sùn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú. Owó ilé tí a ó háyà fún ọdún kan fún ẹni mẹ́wàá kì í ṣe owó kékeré.

Èyí tí ó kẹ́yìn, tí ó sì ti da ẹbí púpọ̀ rú, ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilé. Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún di ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ìdájọ́ ìkẹyìn rẹ̀ wáyé ní 1962, ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ka kan, ni àṣà Yorùbá fi ń pín ogún, pé orí-ò-jorí, ìyẹn pípín in ní iye orí àwọn ọmọ, jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò láti fi parí aáwọ̀. Nítorí náà ìdí-igi tí ó ní ọmọ kan ṣoṣo ní ohùn tó ti èyí tí ó bí mẹ́fà. Òfin kò sì sọ ilé ẹbí di ti ẹnì kan nítorí pé òun ló fi owó tirẹ̀ tún un ṣe. Kí ẹ̀gbọ́n tí ó fẹ́ ná owó tó kó iyanrìn dé, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ yàrá tí ó jẹ́ ti ta ni, ẹni tí ó mú owó wá, àti bóyá ẹ̀bùn ni owó náà tàbí gbèsè.

Kí a tún un ṣe bí ó ṣe wà

Èyí ló rọrùn jù lówó, ó sì ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀: òrùlé lọ́dún yìí, iná àti omi lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn ará ilé lè máa sún láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kò sí pé à ń háyà ilé. Ilé amọ̀ tún ní ọlá tirẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, ooru ọ̀sán kì í tètè wọlé, arúgbó sì lè sùn fọnfọn nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta nígbà tí ẹni tí ó wà nínú ilé búlọ́ọ̀kù ń làágùn.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ògiri amọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Amọ̀ máa ń fa ọ̀rinrin mu, ó sì máa ń tú u jáde padà. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin náà jáde, bẹ́ẹ̀ ni bí amọ̀ ṣe ń wú tí ó sì ń sún kì kì í bá ti sìmẹ́ńtì mu. Láìpẹ́, ojú rírẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí wú, á sì já bọ́ ní abala-abala, a ó wá bá ògiri tí ó ti rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó dára ni kí a há ojú àtijọ́ kúrò, kí a fi ilẹ̀ pupa àti iyanrìn tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí rẹ́ ẹ, kí a sì lé omi jìnnà sí ìdí ilé: kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí a da kọ́nkéré tí ó fẹ̀ tó mítà kan yí ilé ká, kí ó sì dà síta kí omi lè ṣàn lọ. Bí owó kò bá tó nǹkan púpọ̀, iṣẹ́ omi yìí ni kí a ṣe ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹ kíyè sí òrùlé àti àjà dáadáa. Ikán lè ti jẹ inú igi tán kí ojú rẹ̀ sì ṣì máa dán. Káfíńtà ní láti gun òkè, kí ó fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Bí àjà ilé yín bá jẹ́ ti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n lò gan-an ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òòlù fọ́ ọ tàbí kí wọ́n fi ayùn gé e. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí a fi omi rin ín, kí a tú ìṣó rẹ̀, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odindi, kí a wé e sínú ọ̀rá nípọn, kí àwọn ọmọdé sì ti kúrò nílé ní ọjọ́ náà.

Ohun kan tí n kò lè fara mọ́ rárá ni kí a gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ògiri amọ̀ tí wọ́n kọ́ fún ilé ilẹ̀. Bí ẹbí bá fẹ́ òkè, kí òpó kọ́nkéré ti inú ìpìlẹ̀ tuntun wá.

Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé àyè kò ní pọ̀ sí i. Yàrá mẹ́jọ ni yóò ṣì jẹ́ yàrá mẹ́jọ, bí a bá sì sọ ọ̀kan di ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó di méje.

Kí a tún iwájú ṣe, kí a kọ́ kún ẹ̀yìn

Ilé àtijọ́ yóò dúró sí ojú títì bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n, a ó sì kọ́ apá tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ibi ìdáná àtijọ́ wà: yàrá méjì tàbí mẹ́ta tí ó ní balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìdáná tí ó fẹ̀, àti ibi tí gbogbo ẹbí lè jókòó sí. Ọ̀nà yìí ló bá ìgbé ayé wa mu jù. Àwọn ààfin àtijọ́ ní ilẹ̀ wa, ti Déjì ti Àkúrẹ́ náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ilé kan gìrìwò. Àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá ni, tí àwọn yàrá yí ká. Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣeré, ariwo tẹlifíṣọ̀n àwọn ọ̀dọ́ kò sì dí i lóorun.

Owó rẹ̀ ju ti àtúnṣe lọ, ó kéré sí ti wíwó. Kí ẹ má baà tètè tijú níwájú alágbàṣe, ẹ fi èyí ṣe ìṣirò: mítà onígun mẹ́rin kan lára ògiri máa ń gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù 10, ti oníínṣì mẹ́sàn-án. Yàrá tí ó jẹ́ mítà 3.6 lọ́nà méjèèjì, tí ó ga ní mítà 3, yóò gbà tó 400 lẹ́yìn tí a bá ti yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Yàrá méjì tí ó pín ògiri kan kò ní tó 800. Ẹ má fi owó díẹ̀ tí ó dín ra búlọ́ọ̀kù tí kò lágbára. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé àyà, kí ẹ jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Èyí tí ó dára lè já sí méjì, èyí tí kò dára á di iyanrìn.

Ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ni ewu wà. Ilé àtijọ́ ti jókòó sórí ilẹ̀ rẹ̀ láti 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti tuntun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Bí bíríkìlà bá ki búlọ́ọ̀kù tuntun bọ inú ògiri amọ̀, ojú ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ là. Kí ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín méjèèjì, kí ọ̀nà tí a bo lórí sì so wọ́n pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àtẹ̀gùn wà lójú ọ̀nà yìí. Bí ilẹ̀ ilé àtijọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 45 ga ju ti tuntun lọ, kọ́nkéré tí ó dà wálẹ̀ ní mítà 5.4 ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn sọ̀kalẹ̀ láìfi ẹni tí ń tì í ṣe wàhálà: ìlọ́po 12 gíga rẹ̀ ni gígùn tí a fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yìnkùlé kì í sábàá fẹ̀. Ẹ wo ibi tí kànga wà kí ẹ tó gbẹ́ ihò ìdọ̀tí, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó mítà 30 bí ilẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, kí kànga má sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí omi ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí. Kànga aládùúgbò náà wà nínú ìṣirò yìí. Bí àyè kò bá gbà á, omi kànga yóò wà fún fífọ nǹkan nìkan.

Kí a wó o, kí a kọ́ tuntun

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn: ìdí ògiri ti di ẹrẹ̀, sìmẹ́ńtì tí a fi dí i là kí òjò tó dáwọ́ dúró, igun ilé kan ti tẹ̀. Nígbà náà, ẹ wó o kí ó tó wó lu ọmọ. Ilé tuntun yóò fún yín ní ohun tí ẹ fẹ́ gan-an: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn ọ̀dọ́, ìsàlẹ̀ fún àwọn àgbà, àti páìpù omi tí a kò lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ṣùgbọ́n òun ni owó rẹ̀ pọ̀ jù, owó náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ilé tí a wó tí a kò rí kọ́ ti tú ẹbí ká. Ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ ọmọ kan ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ-ọmọ wà ní ilé ayálégbé, koríko sì bo ìpìlẹ̀. Kọ́nkéré náà kì í fẹ́ ìkánjú: 28 ọjọ́ ni a fi ń ka agbára rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa bu omi rin ín ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnjiníà tí ó ní ìwé àṣẹ ló yẹ kí ó ya iye irin tí yóò wọ òpó, kì í ṣe bíríkìlà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí títí tí wọn ó fi wó ilé tán. Ilé àtijọ́ lè sún mọ́ títì gan-an nítorí pé ó ti wà níbẹ̀ kí títì tó fẹ̀. Bí ẹ bá wó o, ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí ìjọba yóò fún yín yóò ní kí tuntun fà sẹ́yìn sí títì, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lórí ilẹ̀ tóóró ní àárín ìlú, yàrá iwájú méjì lè bá a lọ, ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó ilé ti ń tajà náà lè bá a lọ. Ẹ mú ìwọ̀n ilẹ̀ yín lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlànà ìkọ́lé kí òòlù kankan tó kan ògiri.

Ojú oórì náà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bàbá tí ó kọ́ ilé ló sùn sí iwájú rẹ̀ tàbí sínú yàrá rẹ̀. Kí ẹbí pinnu pọ̀, kí ayàwòrán ilé sì fi ojú oórì náà sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá kí ó bọ́ sí àgbàlá tàbí sí ìloro, kí òpó má baà bọ́ sórí rẹ̀.

Kí a fi í sílẹ̀, kí a ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú

Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976 ni ìlú ti ń fẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ àyè gbalasa yóò rí i ní ẹ̀gbẹ́ ìlú. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí pé ìṣòro ẹlòmíràn ló ń yanjú. Ó dára fún ọmọ tí ó fẹ́ dá ní ilé tirẹ̀, kò sì ní aáwọ̀ ìdí-igi nínú, níwọ̀n ìgbà tí agbẹjọ́rò bá ti yẹ ìwé ilẹ̀ wò lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀, owó ọ̀nà, owó òpó iná àti owó omi ni a ó kọ́kọ́ san kí ìpìlẹ̀ tó jáde. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ wà. Ibi púpọ̀ wà tí a ó gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà láìrí omi tó nǹkan, nítorí náà a ní láti san owó fún ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀ ṣáájú. Àgbà tí a bá gbé kúrò nítòsí Ọjà Ọba, kúrò nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì dá wà níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Ta ni kí ó yan èwo?

Ẹbí tí wọn kò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, tí ògiri wọn le, tí owó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tún ilé ṣe bí ó ṣe wà, kí wọ́n sì sọ yàrá kan di balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àgbà. Ẹbí tí ìran mẹ́ta ń gbé pọ̀, tí ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wọn, kí wọ́n kọ́ kún un, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti apá tuntun, kí ilé àtijọ́ tó di títú; nígbà náà, kò sẹ́ni tí yóò sùn síta. Ẹbí tí ògiri wọn ti rọ̀, tí owó òrùlé sì wà ní báńkì lónìí pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀, kí wọ́n wó o. Bí owó ìpìlẹ̀ nìkan ló wà, kí wọ́n kọ́ yàrá ìsàlẹ̀ kan sí ẹ̀yìn fún àwọn àgbà, kí wọ́n kó kúrò nínú èyí tí ó ti tẹ̀, kí wọ́n sì máa kó owó jọ. Ọmọ tí ó ní owó ṣùgbọ́n tí àwọn ìdí-igi yòókù kò fọwọ́ sí ìwé, kí ó ra ilẹ̀ tirẹ̀.

Ẹbí tí kò tíì dá wọn lójú bóyá ògiri wọn le, kí wọ́n dí ojú ibi tí ó là kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì fi àkókò òjò náà kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àgbà, nítorí pé ìyẹn yóò wúlò, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó wù kí wọ́n yàn ní oṣù kọkànlá.